Ìròyìn Tó Sọnù Láàárín Ọjọ́ Kan

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Anna ni wọ́n ń pè é, nítorí orúkọ Anna ló wà nínú páásípọ́ọ̀tù tí wọ́n fi mú un wọ ìlú Òyìnbó. Orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni Victoria Climbié. Ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1991 ni wọ́n bí i ní Abobo, lẹ́bàá Àbíjàn, ìlú tí àwọn ará Èjìgbò tiwa ti ń lọ ti ń bọ̀ láti ayé àwọn bàbá wọn. Nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún méje, Marie-Thérèse Kouao, àǹtí bàbá rẹ̀, ti ilẹ̀ Faransé wá síbi òkú ẹbí. Ó ní òun fẹ́ mú ọmọ kan padà lọ kó lè kàwé dáadáa. Agboolé wo nílẹ̀ Yorùbá ni kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí? Ọmọ mìíràn tó ń jẹ́ Anna ni Kouao kọ́kọ́ fẹ́ mú. Nígbà tí àwọn òbí ìyẹn yí ọkàn padà, ó mú Victoria, ó sì fi ìwé Anna gbé e kọjá. Wọ́n lo oṣù díẹ̀ ní Faransé, wọ́n wọ London lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1999.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún kan náà, Kouao mú ọmọ náà lọ bá obìnrin kan tó máa ń bá a tọ́jú rẹ̀ nígbà tó bá lọ síbi iṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìtọ́jú ọ̀sán ló bá wá. Ó ní kí obìnrin náà kúkú gba ọmọ náà pátápátá, pé Carl Manning, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ bá ní Tottenham, kò fẹ́ rí i nílé òun mọ́. Obìnrin náà ní ti pátápátá kọ́, ṣùgbọ́n kó sùn mọ́jú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí wà lákọsílẹ̀, nítorí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Lord Laming, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́jọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2003. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ ìtàn Victoria máa ń sáré lọ síbi ikú rẹ̀. Èmi ò ní sáré. Ọjọ́rú, ọjọ́ 14 oṣù Keje, ni mo fẹ́ tẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan, nítorí lọ́jọ́ náà, ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, gbọ́, ọlọ́pàá dá sí i. Síbẹ̀, kí ọjọ́ kejì tó parí, ọmọ náà ti padà sọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú.

Àárọ̀ Ọjọ́rú

Nínú ilé tí ọmọ náà sùn, kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń rí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Kouao, tó pe ara rẹ̀ ní ìyá ọmọ náà fún gbogbo ayé, máa ń ní ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ara rẹ̀ léṣe. Èyí tí wọ́n rí lọ́tẹ̀ yìí ti kọjá ohun tí irú àwáwí bẹ́ẹ̀ lè bò.

Ọmọbìnrin onílé ló dìde. Ó kọ́kọ́ lọ bá olùkọ́ èdè Faransé kan ní ilé ìwé tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ń lọ, torí Faransé ni ọmọ náà gbọ́. Olùkọ́ náà ní kó máa gbé e lọ sí ọsibítù. Nǹkan bí aago 11 àárọ̀, wọ́n ti wà níbi ìtọ́jú pàjáwìrì ní ọsibítù Central Middlesex, ní Park Royal.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí obìnrin yìí. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í ṣe òṣìṣẹ́ káńsù, kò bá ọmọ náà tan. Kò sí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ rẹ̀ ju ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ. Àwa náà máa ń rí i. Lẹ́yìn náà la ó ní ọmọ olọ́mọ ni, ẹni bímọ ọ̀ràn ní ń pọ̀n ọ́n. Àwọn tiwa tó wà ní London tún ní èyí tí wọ́n fi ń kún un: ìwé ìgbélùú wọn ò tíì jáde, ẹ má lọ bá wọn da ilé rú, bí àwọn sóṣà, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé ti káńsù, bá gba ọmọ náà lọ ńkọ́? Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yẹn ti ń wá, n kò sì ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti gba ọmọ ọlọ́mọ rí, kò sì jọ pé gbogbo ìgbà ni wọ́n gbà á bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ sọ ohun tó rí. Lábẹ́ òfin ọmọdé ti ọdún 1989, bí ìdí bá wà láti fura pé wọ́n ń ṣe ọmọ kan léṣe gidi, tàbí pé wọ́n lè ṣe é léṣe, káńsù ni iṣẹ́ ìwádìí já lé léjìká. Ohun tí a ń retí lọ́wọ́ aládùúgbò ni ìfura tó nídìí. Ẹni tó bá ń dúró kó dá òun lójú kó tó sọ̀rọ̀ ti gba iṣẹ́ káńsù ṣe, kò sì ní irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Obìnrin yìí ò dúró kó dá a lójú. Nínú gbogbo àwọn tí a ó bá pàdé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, iṣẹ́ tirẹ̀ ni n kò rí nǹkan yọ kúrò nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan náà, ní Nicoll Road

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́rú yìí tó yẹ kí n fi síbí. Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé méjì láti káńsù Brent lọ kan ilẹ̀kùn ilé kan ní Nicoll Road, Harlesden, níbi tí wọ́n fi Kouao àti ọmọ náà wọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Kí ló gbé wọn débẹ̀? Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹfà, ìbátan Kouao kan tó ti rí ọmọ náà pe káńsù Brent lórí tẹlifóònù láì sọ orúkọ ara rẹ̀, ó ní ọkàn òun ò balẹ̀ lórí ọmọ yìí. Láti ọjọ́ yẹn di ọjọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn jẹ́ ọjọ́ 26. Ọjọ́ 6 oṣù Keje ni Kouao ti kó ọmọ náà lọ sí Tottenham. Káńsù kan náà ló wá ní ìròyìn méjì lórí ọmọ kan ṣoṣo: ọ̀kan ti pẹ́ nílẹ̀, èkejì fẹ́ dé láti ọsibítù. Wọn ò so wọ́n pọ̀.

Ẹni tó pè lóṣù Kẹfà kò ṣẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí ẹni tó bá pè sọ orúkọ rẹ̀, títí di òní. Káńsù àti NSPCC, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìyà àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláìlórúkọ. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò fi orúkọ àti nọ́ńbà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pè é padà kó bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé yẹn ni wọ́n ṣì ń gbé?" Ẹni tẹ́rù bá ń bà lè sọ orúkọ rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó gbé ìpè náà, kó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má dárúkọ òun fún ẹbí ọmọ. Wọn ò lè búra fún un pé kò ní hàn láéláé, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí òun náà kọ orúkọ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ó ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. A ó débẹ̀.

Kí aago 12 ọ̀sán tó lù

Ní ọsibítù, ọ̀dọ́ dókítà kan ló kọ́kọ́ rí ọmọ náà. Ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu obìnrin tó gbé e wá, ó fura pé wọ́n ń ṣe ọmọ yìí léṣe, kò sì fẹ́ máa tú u síhòòhò ní ẹ̀ẹ̀mejì nígbà tó mọ̀ pé àwọn dókítà ọmọdé ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Ó ṣe é bó ṣe yẹ, kò sì fi àkókò ṣòfò.

Ọ̀sán

Dókítà ọmọdé tó dé ń jẹ́ Ekundayo Ajayi-Obe. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ibi tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń wá.

Dókítà Ajayi-Obe yẹ ọmọ náà wò láti orí dé ẹsẹ̀. Ó lo ìwé tí wọ́n ya àwòrán ara ènìyàn sí, ó sì ń fi àmì sí ibi tó ti rí ọgbẹ́ tàbí àpá kọ̀ọ̀kan. Àmì náà pọ̀. Àwọn kan ṣì tutù, àwọn kan ti jiná. Ohun tí ojú dókítà ọmọdé máa ń wá nìyẹn, nítorí bí ọmọ bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan, àpá ọjọ́ kan ni yóò ní. Bí ọgbẹ́ àná, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá àti ti oṣù tó kọjá bá jọ wà lára ọmọ kan náà, ìtàn ìṣubú kan ò lè gbé gbogbo wọn. Dókítà Ajayi-Obe fura gidigidi pé ẹnìkan ló ń ṣe ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù, ọsibítù sì fi tó káńsù Brent létí.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí a ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn aláṣẹ, ìwé tí dókítà yìí kọ lọ́sàn-án yẹn ni n bá fi hàn án. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdájọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó wà lára ọmọ: ibo, mélòó, irú àwọ̀ wo, ó ti pẹ́ tó. Ará ilé lásán náà lè ṣe é. Dípò kó sọ lórí fóònù pé "wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ yẹn," kó sì dákẹ́, kó sọ pé ní àárọ̀ Ajé mo rí àpá mẹ́ta lẹ́yìn ọwọ́ òsì rẹ̀, gígùn rẹ̀ tó ìka mi. Mo bi í pé kí ló dé, ohun tó fi dáhùn nìyí, bó ṣe sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ nìyí. Ọmọ náà kì í lọ sí ilé ìwé. Ilé tí wọ́n ń gbé nìyí, ẹni tó ń mú un jáde nìyí. Ìbéèrè tó ṣí ni kó bi ọmọ, irú bíi "kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?" Kó má bi í pé "ṣé àǹtí ẹ ló nà ẹ́?" torí ìyẹn ti fi èsì sí ọmọ lẹ́nu, agbẹjọ́rò sì lè fi fọ́ ẹjọ́ náà lọ́jọ́ iwájú. Kó má sì ṣèlérí fún un pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìlérí tí kò ní lè mú ṣẹ ni, ọmọ tó sì ti gbẹ́kẹ̀ lé àgbàlagbà tó tàn án jẹ kì í tètè tún sọ̀rọ̀.

Ìrọ̀lẹ́

Láti káńsù, ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá kan ní ẹ̀ka ààbò ọmọ ní Brent fi agbára tí òfin fún un mú ọmọ náà sábẹ́ ààbò ọlọ́pàá. Agbára yẹn kì í ṣe kékeré: ọlọ́pàá lè lò ó láì gba àṣẹ ilé ẹjọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì lè mú ọmọ kúrò níbi tó wà fún wákàtí 72. Lójú ẹni tó gbé ọmọ wá láàárọ̀, bóyá èyí ni ìdáhùn àdúrà.

Òfin kan náà tún sọ pé kí ọlọ́pàá ṣàlàyé ohun tó ń lọ fún ọmọ, kó sì wá ọ̀nà láti mọ ohun tí ọmọ ń fẹ́. Ọlọ́pàá náà kò rí Victoria, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Orí tẹlifóònù ni gbogbo rẹ̀ wà.

Kouao ní tirẹ̀ ti ní àlàyé: ara ló ń yún ọmọ, òun ló ń họ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dókítà àgbà tó ni wọ́ọ̀dù, ẹni tí ọ̀ràn ààbò ọmọ wà níkàáwọ́ rẹ̀ ní ọsibítù náà, wá wo ọmọ náà. Ó ní kúrúnà ni.

Ó ṣeé ṣe kí kúrúnà wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn yàrá àjùmọ̀gbé tí wọ́n ń sùn kiri kì í ṣe ibi tí kúrúnà kò lè wà. Ṣùgbọ́n kúrúnà kì í dí ẹgba lọ́wọ́. Ara tó ń yún lè jẹ́ ara tí wọ́n ń lù, wọ́n tilẹ̀ lè máa lù ú nítorí pé ó ń họ ọ́. Láti ìgbà tí àìsàn ti ní orúkọ, ńṣe ni orúkọ náà gbé gbogbo àmì orí ìwé dókítà ọ̀sán mì: ti ojú, ti ọwọ́, ti ẹ̀yìn, ọ̀tun àti àtijọ́, gbogbo rẹ̀ di kúrúnà. Ìwé náà kò sọnù. Ó ṣì wà nínú fáìlì. Kò kàn sí ẹni tó ní láti kà á mọ́ ni, torí ọ̀gá ti sọ̀rọ̀.

Níbo ni dókítà tó kéré nípò ì bá tún gbé e lọ? Ní ọsibítù púpọ̀, ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lórí ààbò ọmọ yóò lọ bá dókítà tí wọ́n yàn fún ọ̀rọ̀ náà. Níbí, ẹni tí wọ́n yàn gan-an ló ti dájọ́. Àwa tí wọ́n tọ́ pé ká má já àgbà níyàn mọ bí ẹnu ṣe ń wúwo nírú ibẹ̀, n kò sì rò pé Òyìnbó yàtọ̀ sí wa tó bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Lónìí, ìlànà tí àwọn káńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò fi àyè sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ọ̀gá tàbí ti iléeṣẹ́ mìíràn láti gbé ọ̀rọ̀ náà ga sí i, ní kíkọ sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ṣì kù kí ẹnìkan ní àyà láti lò ó.

Alẹ́

Ọmọ ọdún méje ni, kò tíì lo oṣù mẹ́ta ní London. Ní gbogbo wákàtí tó lò ní ọsibítù yìí, wọn ò wá ògbufọ̀ kankan tó lè bá a sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀ láìsí Kouao níbẹ̀. Yàtọ̀ sí Kouao, ẹni tó gbọ́ Faransé nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni olùkọ́ àárọ̀, ọ̀rọ̀ sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Kò sí ohun tó kan ìdílé àwọn tó ń ṣí kiri tó èyí. Bí ọmọ kò bá gbọ́ èdè ìlú, ẹni tó mú un wá ni yóò máa túmọ̀ fún un, ẹni tó mú un wá yẹn sì lè jẹ́ ẹni tó yẹ kí wọ́n bi léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá pe káńsù tàbí ọlọ́pàá lórí ọmọ tó jẹ́ Yorùbá tàbí Faransé nìkan ló gbọ́, kó sọ ọ́ tààrà: ẹ wá ògbufọ̀ fún un, kó má jẹ́ ará ilé rẹ̀, kó má jẹ́ ará ìjọ wọn. Ìgbìmọ̀ Laming náà fi ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ sára ohun tí wọ́n ní kí wọ́n tún ṣe.

Ọjọ́bọ̀

Lọ́jọ́ 15, dókítà mìíràn ní ọsibítù kọ lẹ́tà sí káńsù. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé wọ́n ti kọ́kọ́ fura pé ẹnìkan ló ṣe ọmọ náà léṣe, ṣùgbọ́n dókítà àgbà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti ní kúrúnà ló fa àwọn àpá híhọ náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ààbò ọmọ. Ohun tó kù ni pé ìyá àti ọmọ kò nílé lórí, ọmọ kò sì lọ sí ilé ìwé. Kí káńsù bá wọn wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan ṣe rìn. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ọmọ kan ni tí ara rẹ̀ kún fún ọgbẹ́. Ní ọ̀sán, ó di àmì lórí àwòrán. Ní ìrọ̀lẹ́, ó di orúkọ àìsàn. Ní Ọjọ́bọ̀, ó di ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn tó gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Olúkúlùkù kàn gbé èyí tó gbọ́ gbẹ̀yìn, ó fi ìyókù sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Ojú tó wo ọmọ yìí láàárín ọjọ́ méjì kò kéré, ṣùgbọ́n èyí tó rí i kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pinnu.

Ọlọ́pàá mú ààbò rẹ̀ kúrò. Wákàtí 72 kò tíì pé. Kouao mú ọmọ náà, wọ́n jọ lọ.

Ibí ni mo ní a ó dé. Obìnrin tó gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù kì í ṣe ẹbí, ọsibítù kò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè àlàyé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọ̀pọ̀ ẹni tó bá pè: àṣírí ìdílé ni, wọn ò ní sọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ṣùgbọ́n ó lè béèrè bóyá wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ òun wọlé, àti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lábẹ́ ìlànà tó wà nílẹ̀ báyìí, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ káńsù pinnu ohun tí yóò ṣe láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan. Bí ó bá sì tún rí ọmọ náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọgbẹ́ tuntun, kí ó má ṣe ní "mo ti sọ fún wọn." Ìròyìn tuntun ni ìyẹn. Kó tún pè, kó sọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ pè àti orúkọ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè so méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn ìgbà náà

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kọjá. Lọ́jọ́ 24 oṣù Keje, wọ́n tún gbé Victoria lọ sí ọsibítù mìíràn, North Middlesex, omi gbígbóná ti bó o lójú àti lórí. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ rí i bí ẹ̀rù Kouao ṣe ń bà á. Òmíràn nínú ohun tí wọ́n rí, wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúrúnà sì tẹ̀ lé e débẹ̀: lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹjọ ló yẹ kí ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ káńsù Haringey, èyí tí Tottenham wà lábẹ́ rẹ̀, lọ wo ilé tí wọ́n ń gbé, wọ́n pa á tì nítorí ẹ̀rù pé kúrúnà lè ràn wọ́n. Wọ́n tún dá ọmọ náà padà fún Kouao. Nígbà tó yá, inú balùwẹ̀ ni wọ́n ń mú un sùn.

Lọ́jọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2000, ara rẹ̀ ti tutù dé 27 lórí ìwọ̀n Celsius nígbà tó padà dé North Middlesex. Ó kú lọ́jọ́ kejì ní ọsibítù St Mary's. Dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò ka ọgbẹ́ 128. Ọjọ́ tó kú náà ni káńsù Haringey pa fáìlì rẹ̀ dé pé kò sí nǹkan mọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, ilé ẹjọ́ rán Kouao àti Manning ní ẹ̀wọ̀n gbére. Laming kà á pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀méjìlá ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ láti gba ọmọ náà là. Ó dá àbá 108, òfin ọmọdé tuntun sì jáde lọ́dún 2004.

Ọdún 2003 tí ìwé Laming jáde náà ni Nàìjíríà ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀; ìpínlẹ̀ Èkó gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 2007. Ẹni tó bá wà ní Èkó lè pe iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé, DSVA, lórí 08000333333, láì san kọ́bọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 999 ni ti ewu ojú ẹsẹ̀. Káńsù ibi tí ọmọ ń gbé ni ti ìyókù. Nọ́ńbà NSPCC ni 0808 800 5000, èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ lè pè sì ni 0800 1111, ti Childline.

Ohun kan ṣẹ́kù tí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ìdílé wa ní London ò mọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, bó bá fẹ́ gbé fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀ tàbí ìbátan tímọ́tímọ́, òfin ní kí wọ́n fi tó káńsù létí, kí òṣìṣẹ́ sì wá wo ibi tí ọmọ ń sùn. Ìyá àgbà, bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, arákùnrin tàbí arábìnrin òbí, ọkọ ìyá, aya bàbá, àwọn wọ̀nyí ni òfin náà kà sí ìbátan tímọ́tímọ́. Àǹtí bàbá ẹni kò sí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ àǹtí, ọ̀rẹ́ ìyá, tàbí ará ìlú kan náà. Kì í ṣe ẹni tó gba ọmọ sílé nìkan ló yẹ kó sọ ọ́. Olùkọ́ tàbí dókítà tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ náà ní láti rí i pé káńsù gbọ́, aládùúgbò sì lè pè láti béèrè bóyá wọ́n mọ̀ pé ọmọ náà wà níbẹ̀.